Orógbó Abẹ́ Ẹrù

Ẹni tó bá ti tún bíréèkì ṣe fún ọdún mẹ́tàdínlógún mọ ohun tó yẹ kó bá nínú rẹ̀. Irin ni, sípíríǹgì ni, láínìn ni, ìyẹn awọ líle tó máa ń di irin mú kó má baà yí. Nítorí náà, nígbà tí Ọlápàdé ṣí ìdérí bíréèkì kireni ńlá tí wọ́n ń pè ní Arúgbó, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1987, tó sì bá dìdì kékeré kan tí wọ́n fi òwú dúdú wé níbẹ̀, kò kọ́kọ́ fòyà. Àkísà ló pè é. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú un jáde.

Ìgbà tó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ló mọ̀ pé ó gbóná. Arúgbó ò sì tíì ṣiṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo irin ara rẹ̀ ló tutù nini. Ọlápàdé tú òwú náà. Apá àdán gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, èékánná ènìyàn kan sì wà láàárín apá àdán náà. Ó wo èékánná yìí títí. Lẹ́yìn náà ló wo àtàǹpàkò ara rẹ̀, èyí tí òòlù ti fọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí èékánná rẹ̀ kì í hù ní gbọọrọ mọ́. Wíwọ́ kan náà ni.

Bóòtù mẹ́jọ ló di ìdérí yẹn pa, kò sì sí ọ̀kan tó ní àpá. Ẹni tó ṣí i mọ iṣẹ́, ó sì ní sípánà tó bá a mu. Méjì péré ni irú sípánà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo yáàdì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ọlápàdé. Èkejì wà lọ́wọ́ Sùnmọ́nù.

Ó sáré lọ sétí omi, ó ju dìdì náà sínú ọ̀sà. Ohun tí kò wúwo ni, a ò lè retí pé kó rì. Àmọ́ omi ń ṣàn lọ sí apá òkun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, dìdì náà sì kọjú sí òdìkejì. Ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí ọ̀nà Èbúté Mẹ́ta, níbi tí ìyàwó àti ọmọ Ọlápàdé wà.

*

Yáàdì Ọ̀gá Ọláyíwọlá wà ní Ìdó, lẹ́yìn ibùdókọ̀, níbi tí omi ti ń kan ilẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti máa tún àwọn kireni tó ń wọ́ igi gẹdú jáde látinú ọ̀sà fún àwọn onípákó ṣe. Sùnmọ́nù, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ń mójú tó ọ́ìlì: pọ́ńpù, páìpù, àti àwọn jáàkì gígùn tó ń fi agbára ọ́ìlì na apá kireni sókè. Ọlápàdé, ọmọ Iléṣà, ló ni bíréèkì. Ọ́ìlì ló ń gbé ẹrù lọ sókè, bíréèkì ni kì í jẹ́ kó já lu èèyàn.

Àṣà kan wà ní yáàdì yìí tí kò sí níbòmíràn. Bàbá tó bí Ọ̀gá ló dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá tún bíréèkì kireni kan ṣe tán, wọn á fi gbé igi gẹdú sókè, wọn á pa ẹ́ńjìnì kó fi jẹ́ pé bíréèkì nìkan ló kù tó dì í mú. Ẹni tó tún bíréèkì náà ṣe á wá bọ́ sábẹ́ igi, á sì jẹ orógbó kan tán níbẹ̀. Wọn ò fi obì ṣe é, nítorí obì rọ̀, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ lè gbé e mì. Orógbó le, ó korò, kò ṣeé kánjú jẹ. Bó bá jẹ ẹ́ tán láyọ̀, kireni yege. Bó bá jáde kó tó tán, kireni ò yege, òun náà ò yege. Bàbá àgbà yẹn máa ń sọ pé ẹni tí kò lè gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó má gbé ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, àmọ́ bàbá tó sọ ọ́ kò jẹ orógbó náà rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀.

Lóṣù yẹn, fómàánì wọn fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá Ọláyíwọlá pe gbogbo wọn jọ, ó ní Ọlápàdé ni kó tún bíréèkì Arúgbó ṣe, bó bá sì jẹ orógbó rẹ̀ tán lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni fómàánì. Bí kò bá jẹ ẹ́ tán, Sùnmọ́nù ni. Gbogbo èèyàn wo Sùnmọ́nù. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti lò níbẹ̀, òun gan-an ló sì kọ́ Ọlápàdé níṣẹ́. Ní ọjọ́ kìíní tí Ọlápàdé fi ọwọ́ tó ní gírísì kan láínìn, Sùnmọ́nù ló gbá a létí.

"Bíréèkì ò mu òróró," ló sọ fún un lọ́jọ́ náà. "O lè gbàgbé orúkọ bàbá ẹ, má gbàgbé ìyẹn."

Ọlápàdé ò gbàgbé e fún ọdún mẹ́tàdínlógún.

*

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìgbà tí Ọlápàdé rí dìdì yẹn, Sùnmọ́nù dágbére fún wọn pé òun ń lọ kírun. Kò dé mọ́ṣáláṣí. Mushin ló gbà lọ, lẹ́yìn ọjà Ojúwoyè, sí ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Rírà àti títà ni wọ́n ń ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í sọ.

"Ṣé kó kú lo fẹ́?" Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ bi í. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bi í, bí ẹní ń bèèrè iye táyà tó fẹ́ rà.

"Rárá o, Bàbá. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Kó ṣáà ti jáde lábẹ́ igi kí orógbó rẹ̀ tó tán. Kó tẹ́, ó tó."

"A ò ní fọwọ́ kan kireni yín. Irin ò ní etí tó fi ń gbọ́ràn. Ọwọ́ ọkùnrin yẹn la máa bá sọ̀rọ̀. A máa ní kó gbàgbé ohun tó mọ̀."

"Báwo ló ṣe máa gbàgbé, Bàbá?"

"Ìyẹn ò kàn ẹ́. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló máa mọ bó ṣe máa ṣe é."

Sùnmọ́nù mú èékánná tó ti ṣà nílẹ̀ jáde, èyí tí Ọlápàdé gé sọnù lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń jẹun. Àwọn ọ̀rọ̀ tí bàbá náà sọ lé e lórí kò ṣeé tún sọ, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ kò ní fẹ́ tún un sọ. Táyà kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí afẹ́fẹ́.

"Má fi pamọ́ jù," Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ sọ bó ṣe ń so òwú ìkẹyìn. "Gbé e síbi tó ti máa rí i. Bí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un, asán ni gbogbo ẹ̀."

"Tí mo bá wá yí ọkàn padà ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹyin lọ̀rọ̀, Sùnmọ́nù. O mọ̀ ọ́n bó ṣe ń ṣe tó bá balẹ̀."

Sùnmọ́nù ki ọwọ́ bọ àpò, bàbá náà ní rárá, òun ò gba owó. Ó ní kó fi fìlà orí rẹ̀ sílẹ̀. Sùnmọ́nù rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó ṣí fìlà, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì rìn jáde lọ́sàn-án gangan láìdé nǹkan kan sórí. Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Ọlápàdé ń kọ orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Yaba, Sùnmọ́nù lọ ṣí bóòtù mẹ́jọ, ó sì dì wọ́n padà.

*

Láti ọjọ́ tó mú dìdì yẹn, ọwọ́ ọ̀tún Ọlápàdé ò wà bó ṣe máa ń wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣa àfọ́kù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ń jẹun, Lucy ọmọ rẹ̀ ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Dádì, ọwọ́ òsì lẹ fi ń jẹun."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Bọ́lánlé, ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni, ojú rẹ̀ sì máa ń rí ohun tí wọn ò fi hàn án. Ó dúró kí ọmọ wọlé tán.

"Bàbá Lucy, kí ló ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Kò sí nǹkan kan, ẹ wá ń wo àtàǹpàkò yín látàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ rí Àlùfáà. Tàbí kẹ́ ẹ ní kí Ọ̀gá fún ẹlòmíì níṣẹ́ yẹn. Mi ò fẹ́ fómàánì tó ti kú."

Ọlápàdé gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún dé egungun, nítorí ohun tó wà lọ́kàn òun náà nìyẹn. Àmọ́ kí ló fẹ́ sọ fún Ọ̀gá? Ṣé kó ní ọwọ́ òun ò dá òun lójú mọ́? Mẹkáníìkì bíréèkì tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lónìí, wọn ò ní gbà á sí yáàdì kankan lọ́la, kì í sì í ṣe ọdún tí iṣẹ́ ń wọ́ nílẹ̀ nìyẹn. Ó ní àwọn máa lọ rí Àlùfáà lọ́jọ́ Àìkú. Jímọ̀ á sì ti kọjá kí ọjọ́ Àìkú tó dé.

Ọjọ́rú, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Makoko.

*

Gertrude, ìyá Ègùn kan tó ń yan ẹja, ló lọ bá. Ó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó lọ tún ẹ̀rọ àwọn onípákó ìtòsí ibẹ̀ ṣe. Àwọn apẹja kì í sọ orúkọ ìyá yìí lójú omi, bó bá sì ní kí wọ́n má jáde lọ́jọ́ kan, wọn kì í jáde. Èéfín kún ilé rẹ̀ débi pé ohùn rẹ̀ ni Ọlápàdé kọ́kọ́ bá pàdé.

"Má jókòó. Gbé ọwọ́ yẹn wá."

Kò sọ ọwọ́ wo. Ọlápàdé na ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá náà ò wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì tètè jù ú sílẹ̀.

"Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀," ó wí. "Ó sì ti dá wọn lóhùn."

"Màmá, ẹ gbà mí. Lọ́túnla ni mo máa dúró sábẹ́ igi."

Gertrude wọ inú èéfín lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Ìgò oògùn ikọ́ kékeré kan ló mú wá, òróró dúdú sì wà nínú rẹ̀.

"Adí ni, àti nǹkan mẹ́ta tí mi ò ní dárúkọ. Ibi tí ọ̀tá ti gbé e sí, ibẹ̀ gan-an ni kó o fi pa. Ibi tó fẹ́ kó o ti tẹ́, ibẹ̀ lòun náà máa sùn. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ibẹ̀ gan-an, Màmá?"

"Ṣé mi ò sọ Yorùbá ni?"

Ẹja ni ìyá náà mọ̀, kò mọ bíréèkì. Ẹni tó mọ bíréèkì ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan gun orí ahọ́n Ọlápàdé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ìgbájú kọ́ ọ, tó sì ti fi kọ́ àwọn míì lẹ́yìn ìgbà náà. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó padà. Ó dúpẹ́, ó fi ìgò sápò, ó wọ ọkọ̀. Kò rántí ohun tó fẹ́ sọ mọ́.

*

Ọjọ́bọ̀, Arúgbó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Sùnmọ́nù wà lápá kan, ó ń da ọ́ìlì tuntun sí i, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde nínú àwọn páìpù kí apá kireni má baà máa gbọ̀n. Ọlápàdé wà lápá kejì pẹ̀lú láínìn tuntun. Irin lásán ló wà láàárín wọn.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Sùnmọ́nù ò fi sùn dáadáa. Orí rẹ̀ ń tutù níbi tí fìlà yẹ kó wà, bó sì ra fìlà tuntun, kì í dúró. Ó ti padà lọ sí Mushin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti lọ tọrọ pé kí bàbá tú ohun tó dì. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù. Aládùúgbò ní kò sẹ́ni tó ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ láti ọdún méjì. Ó wá yí po kireni, ó dúró sí ẹ̀yìn ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ó fẹ́ jẹ́wọ́. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ó fẹ́ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ sọ nǹkan ni?" Ọlápàdé ò yíjú padà.

"Rárá," Sùnmọ́nù dá a lóhùn. "Ṣé o ti nu ọwọ́ ẹ?"

"Mo ti nù ún, Ẹ̀gbọ́n."

Sùnmọ́nù lọ. Òótọ́ ni Ọlápàdé sọ: ó ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti fi aṣọ mímọ́ nù ún, bó ṣe máa ń ṣe kó tó fọwọ́ kan láínìn. Pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́ yẹn ló fi ṣí ìgò. Ó da adí sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa ibi tó ti bá dìdì, ó fi pa ara irin, ó sì fi pa láínìn tuntun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá tó ń para fún ọmọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn náà ló di bóòtù mẹ́jọ pa.

*

Ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo yáàdì dá iṣẹ́ dúró. Mùíz, awakọ̀ kireni, gòkè jókòó. Ọ̀gá Ọláyíwọlá dúró lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀ pẹ̀lú orógbó lọ́wọ́. Wọ́n fi wáyà so igi ìrókò kan tó nípọn ju ènìyàn méjì lọ, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Arúgbó kérora, ó sì gbé e sókè dé ibi tí òrùlé ilé mọ. Igi náà yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

"Pa á," Ọ̀gá wí.

Mùíz pa ẹ́ńjìnì. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé wọ́n ń gbọ́ kíkán omi lórí ilẹ̀. Ọlápàdé gba orógbó, ó rìn bọ́ sábẹ́ igi, ó sì bù ú jẹ.

Ó korò. Ó ń rún un, ó ń wo Ọ̀gá. Kò wo òkè. Ẹni tó bá wo òkè, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó jẹ ìdá kan, ó jẹ ìdajì. Ó ń rántí Bọ́lánlé tó ti jí láàárọ̀ yẹn, tó dì mọ́ ọn.

Sùnmọ́nù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kireni, níbi tó ti lè máa wo páìpù rẹ̀. Nǹkan kán lé e lórí. Ó fọwọ́ nù ún. Òróró ni. Ọ́ìlì tirẹ̀ pupa, gírísì sì nípọn. Èyí dúdú, ó ń yọ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tí a bí nílẹ̀ Yorùbá mọ òórùn adí. Ó gbójú sókè, ó rí i tó ń sun jáde lábẹ́ ìdérí bíréèkì, ẹ̀kán tẹ̀lé ẹ̀kán, gbogbo rẹ̀ sì yé e lójú kan náà. Ó rántí Bàbá Oníkẹ̀kẹ́. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló máa mọ bó ṣe máa ṣe é.

"Pàdé, jáde níbẹ̀!" ó ké sí Ọlápàdé.

Ọlápàdé gbọ́ ọ. Ó wo Sùnmọ́nù, ó wo ìdajì orógbó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀tá ń wá rèé, ó sọ lọ́kàn. Kó jáde kó tó tán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún bu orógbó jẹ.

"Bíréèkì ti mu òróró! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, jáde!"

Igi náà sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Kò pariwo. Àwọn tó ń wò ó rò pé ojú wọn ló ń tàn wọ́n jẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Sùnmọ́nù ti ń sáré. Ó fi èjìká gbá Ọlápàdé láyà, ó gbá a dànù jìnnà bí àgbà ṣe ń gbá ọmọ kúrò lójú iná. Ẹsẹ̀ òun alára yọ̀ lórí ẹrẹ̀ tí omi igi ti dá sílẹ̀ níbẹ̀, ó ṣubú sí ibi tí Ọlápàdé dúró sí tẹ́lẹ̀. Wáyà tú.

*

Ìdajì ara Sùnmọ́nù nìkan ló yọ síta lábẹ́ igi nígbà tí Ọlápàdé rá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì ń ríran.

"Mo ní kí ọwọ́ ẹ gbàgbé ni," Sùnmọ́nù sọ. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ náà jáde. "Mi ò ní kó pa ọ́. Pàdé. Mi ò ní kó pa ọ́."

"Kí ló gbàgbé, Ẹ̀gbọ́n? Kí ni?"

Kò dáhùn mọ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹ̀sìn rẹ̀, àwọn tó wẹ̀ ẹ́ sì ní kò sí bí àwọn ṣe ṣe é tí orí rẹ̀ gbà láti wà nínú aṣọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìtàn ti dé gbogbo Ìdó. Wọ́n ní Sùnmọ́nù ló ba bíréèkì jẹ́, Ọlọ́run ló mú un. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọlápàdé ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bọ́lánlé ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlápàdé náà kúnlẹ̀, kò rí àdúrà kankan gbà.

Ọjọ́ Ajé, ó dá lọ ṣí bíréèkì Arúgbó. Láínìn tuntun náà ń dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmì ìka rẹ̀ sì ṣì wà lára rẹ̀ níbi tó ti fi adí pa á. Òórùn rẹ̀ gba imú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ ní Makoko padà wá lẹ́sẹ̀kan náà. Bíréèkì ò mu òróró. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún bí kò ṣe sunkún nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Kò sẹ́ni tó rí i. Ó bọ́ láínìn náà, ó sun ún níná, ó mú òmíràn. Ó nu gbogbo irin títí kò fi sí òórùn mọ́. Ó gbé ìdérí padà, ó mú sípánà, ó fi lé bóòtù àkọ́kọ́, ó dúró.

Ọ̀tún ni wọ́n ń yí i tàbí òsì?

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà ò sọ nǹkan kan. Ó yí i sọ́tùn-ún, kò mọ̀ bóyá ó ń di tàbí ó ń tú. Ó yí i sósì. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Ọláyíwọlá ni, ó ń rìn bọ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà.

"Fómàánì," Ọ̀gá wí, "o mọ̀ pé o ò jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Ṣùgbọ́n àṣà ni àṣà. Jímọ̀ tó ń bọ̀."

Ó fi orógbó tuntun kan lé e lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ náà sì dì í mú ṣinṣin.